Súyà Ìbàdàn àti Èkó: ibi tó yẹ kí ẹ dúró sí àti ibi tó yẹ kí ẹ fò kọjá

Ẹ̀yin tó ń bèèrè ibi tí èèyàn ti lè rí súyà gidi, ẹ má wo àga, ẹ má sì wo iná mèremère tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọbẹ, ẹyín iná àti àwo ẹran tútù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọwọ́ àwọn Hausa ni súyà ti dé ọ̀dọ̀ wa, àdúgbò tí wọ́n tẹ̀dó sí láàárín wa ló sì ṣì mọ̀ ọ́n sun jù: Sábó n'Íbàdàn, tó ti wà láti 1916, Mọ́kọ́lá tó múlé tì í, Ọbáléndé àti Agége l'Ékòó. Glover Court n'Íkòyí àti University of Suya ní Allen Avenue n'Íkẹjà náà lórúkọ, orúkọ náà ò sì ṣẹ̀yìn èrò: ẹran kì í pẹ́ lórí iná níbẹ̀ kó tó rí ẹni rà á. Ìyẹn ṣe pàtàkì ju ohun ọ̀ṣọ́ kankan lọ.

Ohun tí àwa ń kó pọ̀ pè ní súyà, orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ síra lẹ́nu àwọn tó ń ṣe é. Tsírè ni ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi igi gún, tí wọ́n fi yájì, èròjà ata súyà, pa lára. Òun ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Bàlàngú nípọn, iyọ̀ àti nǹkan díẹ̀ ni wọ́n fi ń sun ún, kò ní kúlíkúlí lára, ata tí wọ́n bù sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ ó fi jẹ ẹ́. Kílíṣí ni wọ́n gé fẹ́lẹ́ bí abala ìwé, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n fi ẹ̀pà àti èròjà pa á, wọ́n wá yan án. Ó lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí omi ò bá kàn án. (Ẹ má kó o lọ sílùú Ọba o. Òfin ibẹ̀ ò gba ẹran láti Nàìjíríà wọlé, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfurufú.)

Ìdí ọbẹ ni ọ̀pọ̀ onísúyà ti ń kùnà. Ẹran itan tí kò lọ́ràá púpọ̀ ló dáa fún tsírè. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ńṣe ló ń la odindi ẹran náà yíká, bí ìgbà tí èèyàn ń tú ẹní tí wọ́n ká, títí yóò fi fẹ̀ bí ewé, tí kò ní nípọn ju kọ́bọ̀ méjì tí a tò léra lọ. Lẹ́yìn náà ló máa fi igi gún un ní àgúntẹ̀lé, bí ẹni ń ránṣọ. Bí ẹran bá nípọn, ìta á jó, inú á ṣì pupa. Bí ọbẹ bá sì bá iṣan lọ dípò kó dábùú rẹ̀, ẹ ó máa fà á láàárín eyín bí okùn. Ẹ wo igi tí wọn ò tíì sun kí ẹ tó sanwó: tí ẹ bá rí ìlà iṣan gbọọrọ gbọọrọ lára ẹran náà, ẹ máa lọ.

Yájì ni ẹjọ́ tó gùn jù. Kúlíkúlí tí wọ́n gún kúnná ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, wọ́n á wá fi ata gbígbẹ, atalẹ̀ gbígbẹ, kànáfùrù, ìyèré, ẹ̀ẹ̀rù, iyọ̀ àti magí sí i. Ìdí tó fi jẹ́ kúlíkúlí, tí kì í ṣe ẹ̀pà lílọ̀ lásán, ni pé wọ́n ti fún òróró kúrò lára rẹ̀. Ẹ̀pà tí òróró rẹ̀ ṣì pé máa ń dì lára ẹran, ó ń tètè jó, ó sì ń korò. Àwọn kan ń bu gààrí tàbí ìyẹ̀fun àgbàdo mọ́ ọn kó lè pọ̀. Ẹ bu ìwọ̀n tí ìka méjì lè mú, ẹ fi sórí ahọ́n láìmu omi. Kúlíkúlí á yọ́, òórùn ẹ̀pà á dúró lẹ́nu. Gààrí á máa dún láàárín eyín, ìyẹ̀fun á lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu. Tí ẹ ò bá mọ bí ojúlówó ṣe ń rí, ẹ po díẹ̀ nílé: ife kúlíkúlí méjì, ṣíbí ìjẹun ata gbígbẹ méjì, ṣíbí atalẹ̀ kan, ìdajì ṣíbí ìyèré, kànáfùrù bíi mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀rù méjì tí ẹ ti yọ kóró rẹ̀ dànù nítorí ìkorò, iyọ̀ níwọ̀nba.

Ẹran tí yájì bò mọ́lẹ̀ pátápátá, ó ní ohun tí wọ́n ń fi pamọ́. Ẹ ní kí wọ́n bu yájì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà ò gbọdọ̀ sún mọ́ tsírè rárá. Kò tó kó ní kí wọ́n má fi yájì sí i, ọbẹ kan náà àti pákó kan náà ni wọ́n fi ń gé gbogbo rẹ̀.

Iná tó dáa kì í jó lálá. Ẹyín iná pípọ́n ni, tí wọ́n kó jọ sáàárín, tí wọ́n wá to igi ẹran yí i ká kó dagun sí i láìkàn án. Ọ̀pọ̀ ló ti gbé àwọ̀n irin lé àgbá tí wọ́n là sí méjì báyìí. Ìyẹn yá, ṣùgbọ́n ọ̀rá ń kán sínú iná, iná á sọ, èéfín dúdú á gun ẹran, ẹ ó sì rò pé ata ló ń korò. Onísúyà tó bá ń fọ́n eérú lé iná tó sọ mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ má bínú sí ẹni tó ti sun ẹran dé ààbọ̀ kí ẹ tó dé. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn: ó máa gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, tí oníbàárà bá dé, á wọ́n òróró ẹ̀pà lé e láti inú ìgò tí wọ́n lu ìdérí rẹ̀, á sì dá a padà sórí iná fún ìṣẹ́jú mẹ́rin sí márùn-ún. Ti àná ni kí ẹ sá fún. Etí rẹ̀ á ti ká, á ti le, yájì ara rẹ̀ á máa já bọ́ ní èépá èépá, òróró tí wọ́n ń dà lé e á sì pọ̀ jù. Aago méje sí mẹ́sàn-án alẹ́ ló dáa jù. Lóṣù Ramadan, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣínu ná.

Ilé oúnjẹ tó ní ẹ̀rọ amúlétutù ni owó mi ò ti níláárí jù. Orí gáàsì ni wọ́n ti ń sun ún látọ̀sán, wọ́n á wá kó o sínú àpótí onígíláàsì tó ń mú un gbóná. Ooru omi inú rẹ̀ á rọ yájì, ẹran á dà bí èyí tí wọ́n bọ̀. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti ń fi ṣúgà sí i. Wọ́n dáa ju ti ojú títì lọ nídìí adìẹ, nítorí wọ́n ń bọ̀ ọ́ kí wọ́n tó sun ún, ó sì ń jinná dé egungun. Omi ìfọwọ́ náà sì wà. Ṣùgbọ́n ilé oúnjẹ tó bá gba onísúyà sí ẹnu géètì pẹ̀lú iná tirẹ̀, ẹ wọlé. Máàkì tèmi: ìdí iná Sábó, mẹ́rin àbọ̀ nínú márùn-ún; àpótí onígíláàsì, méjì, ọ̀kan nínú méjì náà sì jẹ́ ti àga.

Tí ẹ bá ti rí ibi tó dáa, ẹ má dúró lórí ẹran lásán. Iké màlúù, tí àwọn Hausa ń pè ní tózò, ọ̀rá rẹ̀ máa ń yọ́ sínú yájì. Ó ń tètè tán. Kídìnrín tó bá ń rùn bí ìtọ̀, wọn ò fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ̀dọ̀ máa ń gan tí iná bá pẹ́ lára rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tètè sọ̀ ọ́. Iye owó lẹ ó dá: "Àlàájì, ẹ bá mi gé ti ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, kí iké pọ̀ nínú rẹ̀, alùbọ́sà dáadáa." Pípe bàbá arúgbó ní àbókí kì í mú igi súyà tóbi.

Ẹ mú abọ́ tiyín lọ, nítorí òróró ń tú yíǹkì ìwé ìròyìn sára ẹran. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé alùbọ́sà lójú yín. Kábéèjì tí wọ́n ti gé sílẹ̀ látọ̀sán, mi ò kì í gbà á. Tí súyà bá ṣẹ́kù, ẹ yọ alùbọ́sà àti tòmátò kúrò kí ẹ tó gbé e sí fìríìjì, omi wọn ló ń sọ yájì di ẹrẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tò ó sínú páànù gbígbẹ lórí iná kékeré, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹ má dé e.