"Ọ́ìlì wo ni wọ́n dà sí i?": Àgbéyẹ̀wò ṣọ́ọ̀bù tó tún AC ọkọ̀ háíbíríìdì mi ṣe

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù yìí ò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rárá tó fi dájọ́ ikú fún kọ̀mpùrẹ́sọ̀ ọkọ̀ mi, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti gáàsì AC yí káàkiri. Ó ki sìkánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àìsàn ọkọ̀, bọ abẹ́ sítíárìn, ó wojú ẹ̀ fìrí, ó ní, "P0AA6. Kọ̀mpùrẹ́sọ̀ ni. Ṣé ká kọ tuntun sílẹ̀ fún yín?" Mo bi í pé kí ló fi mọ̀. Ó ní ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti wà nídìí iṣẹ́. Mi ò gbà. Ohun tí kóòdù yẹn ń wí ò ju pé iná bátìrì ńlá, èyí tó ń bá ẹ́ńjìnnì epo gbé háíbíríìdì rìn, ń jò sára irin ọkọ̀ níbì kan. Ó lè jẹ́ bátìrì fúnra rẹ̀, ó lè jẹ́ ínfátà tó ń yí iná bátìrì padà fún mọ́tò, ó lè jẹ́ mọ́tò inú jíà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n tó báyìí, kí lẹ wá gbé e wá fún?" Ó bá kọjú sí fóònù rẹ̀.

Mo ti nawọ́ mú kọ́kọ́rọ́ mi. Àgbéyẹ̀wò tí mo ń kọ sínú ọkàn mi nígbà yẹn ò ṣeé kà létí ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ náà ò gùn. Ọkọ̀ àtijọ́ ni. Bí mo bá ń sáré, AC á tutù. Bí mo bá wọ sún kẹrẹ fà kẹrẹ, ooru ni. Mẹkáníìkì kan níbòmíràn fi gáàsì kún un, ó sì tutù dáadáa fúngbà díẹ̀. Àfi bí iná ìkìlọ̀ onígun mẹ́ta ṣe tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo pa ọkọ̀, kò sì gbà kí n tún un tàn mọ́. Ọ̀rọ̀ READY, tó ń sọ pé ọkọ̀ ti ṣetán, ò yọjú. Wíwọ́ ni wọ́n wọ́ ọ dé ṣọ́ọ̀bù yìí.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń nu ọwọ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn ló dá mi dúró. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹni tó fi gáàsì sí i kẹ́yìn, ọ́ìlì wo ló dà sí i?"

Kò sẹ́ni tó bi mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní agolo kan tí wọ́n so mọ́ géèjì tí wọ́n fi ń rọ gáàsì ni mo rí. Ó ní, "Háà," ó sì ní kí n tẹ̀ lé òun.

Ó ṣàlàyé láì fi mí ṣe òmùgọ̀. Nínú ọkọ̀ tí a mọ̀, bẹ́líìtì ẹ́ńjìnnì ló ń yí kọ̀mpùrẹ́sọ̀. Nínú háíbíríìdì bíi Prius láti 2004, mọ́tò iná ló wà nínú kọ̀mpùrẹ́sọ̀ gan-an, iná bátìrì ńlá ló sì ń lò, ìyẹn nǹkan bíi volt 200. Ìdí nìyẹn tí AC fi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá sùn. Mọ́tò náà rì sínú ọ́ìlì tó ń bá gáàsì yí káàkiri. Ọ́ìlì tí kì í jẹ́ kí iná kọjá, èyí tí wọ́n ń pè ní POE, nìkan ló tọ́ sí i. PAG ni ti ọkọ̀ oníbẹ́líìtì, òun a sì máa gba iná kọjá. Kò dìgbà tí wọ́n bá da odindi agolo sí i. Èyí tó ṣẹ́ kù sínú rọ́bà géèjì láti ara ọkọ̀ ẹlòmíràn tó láti ba nǹkan jẹ́.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí gbogbo ọ̀gá wá wò. Ó fẹ́ atẹ́gùn sínú ìbọ̀wọ́ rọ́bà rẹ̀, ó fún ẹnu ẹ̀ pọ̀, ó wò ó bóyá ó lu. Ó fa pílọ́ọ̀gì ọlọ́sàn tó ń já iná bátìrì ńlá, ó sì fi í sínú àpò ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà lọ fi í padà nígbà tí òun ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní ká dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí iná inú ínfátà fi gbẹ. Ó fi mítà wọ̀n ọ́n kó tó fọwọ́ kan wáyà kankan. Nígbà tó wá yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀mpùrẹ́sọ̀, gbogbo ara ọkọ̀ yòókù dára. Kọ̀mpùrẹ́sọ̀ nìkan ló ń jò.

Ọ̀gá gbọ́ láti ìdí tábìlì. "Ṣé mo wí i!"

Inú bí mi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó ti wá jàre, láìṣe nǹkan kan!

Ọmọbìnrin yẹn ò dá a lóhùn. Ó tanná tọ́ọ̀ṣì sí igun ìsàlẹ̀ kọ̀ńdẹ́ńsà, àwọ̀n irin iwájú ọkọ̀ tí gáàsì AC ti ń tutù, ó fi hàn mí ibi tí eruku ti rin mọ́ ọ́ìlì. Ó rọ náítírójìn sí i, ó fi omi ọṣẹ kun ibẹ̀, ó sì ń hó pútúpútú. Òkúta ojú ọ̀nà ló lù ú, ibẹ̀ ni gáàsì ń bá lọ látìbẹ̀rẹ̀. Ká ní a ṣe ti ọ̀gá ni, kọ̀mpùrẹ́sọ̀ tuntun á wọlé, gáàsì á tún jò lọ, ọ́ìlì burúkú tó kù nínú páìpù á sì tún ba tuntun yẹn jẹ́. Nítorí náà kọ̀ńdẹ́ńsà di tuntun, kọ̀mpùrẹ́sọ̀ di tuntun, wọ́n fọ páìpù, wọ́n fa atẹ́gùn inú rẹ̀ tán pátápátá, wọ́n sì fi ìwọ̀n wọn gáàsì R-134a bí sìtíkà abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ṣe wí. Mo dúró nínú sún kẹrẹ, ẹ́ńjìnnì sùn, atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ mi lójú. Mo rẹ́rìn-ín.

Mo tún padà sórí ẹ̀dùn ọkàn mi. Wọ́n ní, "A ó pè yín," wọn ò pe ẹnì kankan. Ẹ̀ẹ̀mejì ni owó àyẹ̀wò jókòó sórí rìsíìtì, orúkọ ọ̀gá ló sì wà níwájú méjèèjì, kò sì gbà kí wọ́n yọ ọ̀kan. Páálí àwọn irin tí wọ́n yọ, orí ihò atẹ́gùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ẹ̀yìn ni wọ́n gbé e lé. Ọmọbìnrin yẹn ló sáré gbé e kúrò: atẹ́gùn inú ọkọ̀ ni bátìrì ńlá ń mí, bí inú ọkọ̀ bá gbóná, bátìrì náà á gbóná. Ó ní fáànù ibẹ̀ ti kún fún eruku.

Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Ẹ ó ní kò bá ohun tí mo kọ mu. Ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n lórí fóònù kí ọ̀gá yẹn gbé e ná. Mo ń gbé ọkọ̀ padà lọ bá wọn láti fọ fáànù bátìrì. Ọmọbìnrin ẹ̀yìn yẹn ni mo bá dá ọjọ́, mi ò bá tábìlì sọ̀rọ̀.