Hẹlikọ́pítà Mi-1 ti Rọ́ṣíà: ẹ́ńjìnnì ẹ̀ dáa, abẹ̀bẹ̀ ni kí ẹ yẹ̀ wò

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú Mi-1 tó wà níwájú òun, abẹ̀bẹ̀ mẹ́ta tó wà lórí rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ wò, kó tó ṣí ẹ́ńjìnnì. Nínú àwọn àkọ́ṣe, ọ̀pá irin oníhò ló la abẹ̀bẹ̀ já, igi ni egungun ìhà rẹ̀, wọ́n wá fi pákó pẹlẹbẹ àti aṣọ bò ó. Ó fúyẹ́, àmọ́ kì í lálòpẹ́. Létí ọ̀sà Àjàṣẹ́ níbí, igi á máa fa omi. Tí ọ̀kan bá fi fa omi ju èkejì lọ, wọn ò ní wúwo dọ́gba mọ́. Gbogbo ara hẹlikọ́pítà á máa gbọ̀n, ọ̀pá ìdarí á sì máa jà mọ́ awakọ̀ lọ́wọ́. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà ọyẹ́, òdìkejì ẹ̀ ni: igi á gbẹ, ojú gílúù á máa là. Kó tó gbéra, ẹ fi ọwọ́ pa aṣọ yẹn láti ìdí dé ṣóńṣó. Tí ibì kan bá wú tàbí tó rọ̀, kò gbọdọ̀ fò lọ́jọ́ náà.

Èyí tí wọ́n ń pè ní Moskvich, tí wọ́n ṣe fún Aeroflot, iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú wọn, kò ní wàhálà yìí. Irin látòkè délẹ̀ ni abẹ̀bẹ̀ tiẹ̀, epo tí pọ́ǹpù ń tì ló sì ń bá awakọ̀ gbé ìdarí. Òun ni ká yàn.

Ẹ́ńjìnnì ni AI-26V: sílíńdà méje tó tò yípo, agbára ẹṣin 575. Ẹ̀yìn ìjókòó ló fara pamọ́ sí, fáànù ló ń fẹ́ ẹ. Tí hẹlikọ́pítà bá dúró sójú kan lókè lọ́sàn-án gangan oṣù kẹta, ẹ má gbójú kúrò lára géèjì ooru. Afẹ́fẹ́ gbígbóná kì í gbé abẹ̀bẹ̀ bíi ti tútù, nítorí náà ẹ dín ẹrù kù. Epo bàálù ló ń mu. Kpayo, epo fàyàwọ́ inú ìgò létí ọ̀nà? Ẹ má dán an wò! Ẹ́ńjìnnì á máa kàn gbàgbàgbà, orí písítìnì á jó.

Ọ̀rọ̀ ọ̀pá ìrù wà fáwọn tó ń jó irin ní Wándó. Oṣù kẹsàn-án ọdún 1948 ni GM-1, èyí tí Mikhail Mil tó ṣe Mi-1 kọ́kọ́ fi dánwò, gbéra fún ìgbà àkọ́kọ́. GM-1 àkọ́kọ́ já bọ́ nítorí pé gírísì dì nínú ìdarí nígbà tó wọ òtútù òkè; awakọ̀ rẹ̀, Matvei Baikalov, fi párásúùtì bọ́. Ọdún 1949, GM-1 kejì pa á: ojú ibi tí wọ́n ti jó irin pọ̀ lára ọ̀pá tó ń yí abẹ̀bẹ̀ ìrù ló gé. Tí ìrù bá ti dákẹ́, ara hẹlikọ́pítà á bẹ̀rẹ̀ sí í pòòyì. Gírísì ò lè dì ní Kétu o, àmọ́ ojú jíjó tí kò dáa wà níbi gbogbo.

Àyè inú ẹ̀ kéré. Awakọ̀ kan níwájú, èrò méjì lẹ́yìn, eékún á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìjókòó iwájú. Nígbà tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, ìta ni wọ́n ń tẹ́ ẹ sí, nínú àpótí ẹ̀gbẹ́ kan tó jọ pósí ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Àwọn ará Pólándì tí wọ́n gbàṣẹ ṣe é ní Świdnik, tí wọ́n pè é ní SM-1, rí àléébù yìí: SM-2 tí wọ́n ṣe tẹ̀ lé e gba èèyàn márùn-ún.