Àpótí ìbọn Peli 1750: ta ló yẹ kó rà á, ibo sì ni agbára rẹ̀ mọ?

Ẹni tó bá ń gbé ìbọn láti Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́ lọ yìn ín sójú àmì ní Kútọnu, tàbí tó fẹ́ gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú, á ti gbọ́ orúkọ Peli 1750. Pelican ni wọ́n ń pè é ní Amẹ́ríkà, àpótí kan náà ni. Tí ìbọn yín bá jẹ́ èyí tí ọ̀pá rẹ̀ kò ṣeé yọ, tí awò ìfojúsùn sì wà lórí rẹ̀, ẹ rà á, owó yín kò ṣòfò. Tó bá jẹ́ ẹlẹ́nu méjì kálíbà 12 lẹ ní, ẹ má rà á.

Ohun tó fà á nìyí. Inú àpótí náà gùn tó sẹ̀ǹtímítà 128, ó fẹ̀ tó 34, ó sì jìn tó 13. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì kì í rìnrìn àjò lódidi: ọ̀pá rẹ̀ á yọ, igi abẹ́ ọ̀pá á yọ, á wá ku ìdí rẹ̀. Ọ̀pá yìí ló gùn jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sẹ̀ǹtímítà 71 sí 76 ló sì sábà máa ń jẹ́. Àpótí tí inú rẹ̀ gùn tó 85 ti tó o. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú ló máa ń ro gígùn, fífẹ̀ àti gíga ẹrù pọ̀, tí wọn kì í sì í fẹ́ kó ju sẹ̀ǹtímítà 158 lọ. Ti 1750 ń lọ sí bíi 191. Àpótí nìkan, kí ìbọn tó wọnú rẹ̀, ti ju kílò 10 lọ. Ẹ béèrè iye tí wọ́n máa gbà lórí ẹrù tó tóbi jù kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí àpótí yìí ti ta yọ ni igun rẹ̀. Ẹ dán an wò kí ẹ tó sanwó: ẹ tì í láìfi nǹkan kan sínú rẹ̀, ẹ fi àgádágodo sí gbogbo ihò àgádágodo tó ní, kí ẹ wá ki ìka bọ abẹ́ igun ìdérí, kí ẹ fà á sókè tagbáratagbára. Tí ìka bá kan fóòmù inú rẹ̀, àpótí náà kò dáa. Àpótí ike fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní ihò kan ṣoṣo láàárín máa ń là bẹ́ẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ààbò ní pápákọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà kò sì ní gbà á. Ike Peli nípọn, igun rẹ̀ kì í gbé. Ṣùgbọ́n àwọn kan máa ń fi àgádágodo kan péré sí i, wọ́n á fi ihò yòókù sílẹ̀. Ṣe ni wọ́n fi owó ńlá ra àpótí olówó pọ́ọ́kú. Ẹ gbé àpótí náà dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta àgádágodo, kí ẹ mú èyí tí irin rẹ̀ kún ihò náà dáadáa. Ọwọ́ ẹni tó ni ìbọn ni kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà títí ẹrù á fi gúnlẹ̀.

Fóòmù inú rẹ̀ gba sùúrù. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ ìbọn lélẹ̀ lórí rẹ̀, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, kí ẹ wá fi ọ̀bẹ mímú tí kò ní eyín gé e díẹ̀ sínú ìlà náà, kí fóòmù lè di ìbọn mú. Ẹ jẹ́ kí fóòmù tó kù láàárín ẹnu ìbọn àti ògiri àpótí tó sẹ̀ǹtímítà márùn-ún, torí ẹnu ìbọn ló máa ń gba ìkọlù nígbà tí wọ́n bá ju ẹrù. Níbi tí awò ìfojúsùn máa wà, ẹ gé e jìn ju ibòmíràn lọ. Tí ìdérí bá ń tẹ bọ́tìnnì awò náà, ẹ ó dé ibi ìdíje, ọta á máa lọ sápá kan, ẹ ó sì máa bínú sí ìbọn.

Rọ́bà ìdérí kì í jẹ́ kí omi wọlé, kì í sì í jẹ́ kí ọ̀rinrin tó ti wà nínú rẹ̀ jáde. Ẹni tó bá fi ọwọ́ tó làágùn gbé ìbọn sínú rẹ̀ lásìkò òjò á bá ìpẹtà lára irin gan-an níbi tí ìka rẹ̀ ti kàn. Ẹ fi aṣọ tó ní òróró díẹ̀ nù ún, ẹ sọ àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin sínú rẹ̀, kí ẹ sì yọ ìbọn kúrò nínú fóòmù tí ẹ bá ti gúnlẹ̀. Ìrìnàjò ni àpótí yìí wà fún, kì í ṣe ibi ìfiǹkanpamọ́. Eruku pupa ojú ọ̀nà Kétu sí Àjàṣẹ́ náà ń yọ rọ́bà yìí lẹ́nu: hóró yanrìn kan ṣoṣo lábẹ́ rẹ̀, ẹ ó rí ìlà pupa nínú fóòmù. Ẹ máa nù ún.

Ọta kì í bá ìbọn gbé inú fóòmù. Nínú ọkọ̀ òfuurufú, kílò márùn-ún lẹnì kan lè gbé, inú páálí tirẹ̀ ló sì yẹ kó wà. Páálí ọta 25 fún ìdíje tó kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, nítorí náà páálí mẹ́rin ni kí ẹ fojú sùn. Ẹ ra yòókù níbi tí ẹ ń lọ.

Fún àwọn ará wa tó wà ní Amẹ́ríkà, òfin àpapọ̀ ọdún 1986, ẹ̀ka 926A, gbà kí èèyàn gbé ìbọn la ìpínlẹ̀ mìíràn kọjá, bí òfin bá gbà á láyè ní ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ. Ìbọn kò gbọ́dọ̀ ní ọta nínú, ọwọ́ ẹni tó wà nínú ọkọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ tó ìbọn tàbí ọta. Bí ọkọ̀ kò bá ní bùútù, inú àpótí tó ní àgádágodo ni kí ìbọn àti ọta wà, kì í ṣe àpótí kékeré iwájú ọkọ̀. Ẹ má ṣe dúró sùn lọ́nà. Ọkùnrin kan pàdánù ọkọ̀ òfuurufú ní Newark lọ́dún 2005, ó gba ẹrù rẹ̀, ó gbé e lọ sí òtẹ́ẹ̀lì. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n mú un ní pápákọ̀, bẹ́ẹ̀ inú àpótí líle tó ní àgádágodo ni ìbọn rẹ̀ wà. Ní 2010 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé òfin yẹn kò bò ó, torí ọwọ́ rẹ̀ tó ìbọn ní gbogbo òru yẹn. Àlejò tó bá fẹ́ gbé ìbọn wọ Amẹ́ríkà wá fún ìdíje gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ Form 6NIA lọ́wọ́ ATF, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbọn.

Nílé níbí, àpótí Peli kò sọ ìwé àṣẹ ìbọn Benin di ti Nàìjíríà. Àdéhùn CEDEAO (ECOWAS), ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lórí ìbọn, tí wọ́n fọwọ́ sí ní Abuja ní 2006, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2009, kò gba kí ìbọn sọdá ẹnubodè láìgba àṣẹ pàtàkì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èèyàn lè kọjá. Ọdẹ tó bá ń gba ẹnubodè Ìlárá kọjá lọ síbi ìrèmọ̀jé ẹgbẹ́ rẹ̀, kó gbé aṣọ ọdẹ àti àpò rẹ̀ dání, kó fi ìbọn sílé.