Kìnnìún ara ògiri tí mo rà sí ọgbà: orí dára, ẹ̀rọ kò dára

Orí kìnnìún ni, omi ń tẹnu rẹ̀ dà sínú ọpọ́n kékeré tó wà nísàlẹ̀, ara ògiri ni wọ́n sì ń kàn án mọ́. Pọ́n-ùn 240 ni mo rà á. Ọgbà ẹ̀yìn ilé mi ní London kò fẹ̀, èyí tó ń dá dúró láàárín ọgbà ì bá gba gbogbo ibẹ̀.

Ontajà ní iṣẹ́ ọnà Gíríìkì àtijọ́ ni wọ́n wò ṣe é. Ti kìnnìún yẹn, òótọ́ ni. Ní Olympia nílẹ̀ Gíríìkì, tẹ́ńpìlì òrìṣà wọn Zeus tí wọ́n kọ́ parí ní nǹkan bí ọdún 457 ṣáájú Kristi, orí kìnnìún oníòkúta mábù ló tò sí etí òrùlé rẹ̀. Ẹnu wọn ni omi òjò ń gbà jáde kó má bàa ṣàn sára ògiri. British Museum, ilé àkójọ ohun àtijọ́ ní London, náà ní ìkòkò omi ará Áténì tí wọ́n ya àwọn obìnrin tó lọ pọnmi sí, ẹnu kìnnìún lomi sì ti ń dà sínú ohun tí wọ́n gbé lọ. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, ẹ lọ wò ó. Àmọ́ kí wọ́n má fi funfun láúláú tí wọ́n ṣe kìnnìún yìí tàn wá. Àwọn Gíríìkì máa ń kun ère wọn ní pupa àti búlúù, ọjọ́ tó ti pẹ́ ló bó ọ̀dà náà dànù.

Iṣẹ́ ojú rẹ̀ tẹ́ mi lọ́rùn. Ìyẹ̀fun òkúta tí wọ́n fi resin, ìyẹn oje tó máa ń gan, pò ni, síbẹ̀ èèyàn lè fi ìka tọ irun ọrùn rẹ̀ ní ìdì-ìdì. Ẹ̀yìn etí òsì nìkan ni ojú ibi tí mọ́ọ̀dù ti pàdé ti hàn.

Ẹ̀rọ rẹ̀ ló bà á jẹ́. Omi kan náà ló ń fà láti inú ọpọ́n, gba inú ọ̀pá rọ́bà tó wà lẹ́yìn, padà sẹ́nu kìnnìún. Ọpọ́n ọ̀hún kò jìn. Tí oòrùn bá ti lá omi díẹ̀, afẹ́fẹ́ lẹ̀rọ ń fà, á wá máa kérora. Ìyàwó mi yọjú lójú fèrèsé: “Dádì Tolú, ṣé ẹ̀rọ ìlọta lẹ gbé sẹ́yìn ilé ni?” Mo kọ̀wé sí ontajà, wọ́n ní kí n máa bomi sí i. Mo kúkú ra ẹ̀rọ òmíràn tó ní ibi téèyàn ti lè dín agbára rẹ̀ kù. Látìgbà náà, kò pariwo mọ́, kò sì ta omi sílẹ̀ mọ́.

Omi London le, ìyẹn ni pé ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀, ó ti fa ìlà funfun sí àgbọ̀n kìnnìún náà. Ẹ má fi fínígà fọ̀ ọ́ o, ohun kíkan lè jẹ ìyẹ̀fun òkúta inú rẹ̀. Omi òjò ni mò ń rọ sí i báyìí. Kí òtútù tó dé, ẹ da omi inú rẹ̀ nù kẹ́ ẹ sì yọ ẹ̀rọ. Omi tó bá di yìnyín máa ń wú, ọpọ́n á sì là.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún un. Tí wọ́n bá ń ta orí náà láìfi ẹ̀rọ kún un, 4 ni ǹ bá fún un.