ntopng: mo fi wá ẹni tó ń jẹ dátà wa l'Ádó-Èkìtì, mo sì ka láìsẹ́ǹsì rẹ̀

Níbi tí èèyàn púpọ̀ bá ti dáwó jọ ra íntánẹ́ẹ̀tì kan, ẹjọ́ dátà kì í tán níbẹ̀. Mo ń bá ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan mójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn lójú ọ̀nà EKSU (Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì), l'Ádó-Èkìtì níbí, pẹ̀lú ilé ìkọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan tó wà láàárín ìlú. Kò sí oṣù tí wọn kì í pè mí pé dátà ti tán kí oṣù tó dé ìdajì. Àwọn tó wà lókè á ní àwọn ìsàlẹ̀ ló ń wo fíìmù mọ́jú. Àwọn ìsàlẹ̀ á ní ọmọkùnrin kan tó ń gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà ni. Mọ́mì tó nilé á wá kọjú sí mi: "Ọmọ mi, ìwọ lo mọ̀ nípa ẹ̀rọ, ta gan-an ló ń jẹ dátà yìí?" Ráútà wa lè sọ iye tó lọ lápapọ̀, kò lè sọ ibi tó gbà lọ. Ohun tó mú mi wá ntopng nìyẹn, sọ́fítíwíà tó ń fi ohun tó ń lọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì hàn. Mo ti ń lò ó láti ìgbà náà, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe rí. Ọ̀rọ̀ láìsẹ́ǹsì rẹ̀, ìwé tó sọ ohun tí wọ́n gbà wá láyè láti fi ṣe, ni mo máa dúró lé jù, torí ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń ṣiṣẹ́ yìí kì í kà á.

Ará Ítálì kan, Luca Deri, ló bẹ̀rẹ̀ ntop ní 1998 nígbà tó wà ní Yunifásítì Pisa. Nígbà tó yá ni wọ́n tún un kọ, tí wọ́n sì sọ ọ́ ní ntopng. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa ka àwọn pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ègé kéékèèké tí wọ́n gé dátà sí, tó ń kọjá lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kó yà wọ́n sọ́tọ̀ bí ẹ̀rọ tó ni wọ́n àti irú tí wọ́n jẹ́, kó sì fi gbogbo rẹ̀ hàn yín nínú búráúsà lójú ẹsẹ̀. Ohun tó ń bá a dá irú wọn mọ̀ ni nDPI, òun náà iṣẹ́ ọwọ́ wọn. nDPI ló máa sọ pé èyí WhatsApp ni, èyí YouTube ni, èyí sì ni Windows tó ń gba àtúnṣe.

Kì í ṣe pé ó ń ka ọ̀rọ̀ inú wọn o. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí ni wọ́n ti dì ní ọ̀nà tí ẹni tó wà láàárín kò fi lè kà á. Àmọ́ nígbà tí fóònù bá kọ́kọ́ kan sáìtì kan, ó sábà máa ń dá orúkọ sáìtì náà ní gbangba. Orúkọ yẹn, pẹ̀lú bí àwọn pákẹ́ẹ̀tì ṣe ń rìn, ni nDPI ń wò. Bí ẹnì kan bá tan VPN (ètò tó ń bo ibi tí èèyàn ń lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀), ohun tí ntopng máa rí kò ju pé VPN ni, àti bó ṣe pọ̀ tó.

Kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ kan tó ní Ubuntu ni mo gbé e lé. Torí bátìrì rẹ̀ ni mo ṣe yàn án: bí iná bá lọ, kò ní kú kí inverter tó gbà á. Wọ́n ní ti Debian, ti Windows, ti FreeBSD, kódà ti Raspberry Pi wà. Ó nílò Redis, sọ́fítíwíà kan tó ń bá a tọ́jú dátà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbà á láti ibi tí àwọn tó ṣe é kó o sí, gbogbo rẹ̀ ló máa jọ wọlé. Ẹ ó ṣí búráúsà sí àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà náà, ní port (ẹnu ọ̀nà) 3000, ẹ ó fi orúkọ admin wọlé, á sì ní dandan kí ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà kó tó jẹ́ kí ẹ rí ohunkóhun. Mo fẹ́ràn ìyẹn gan-an, torí ráútà tí ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ kò yí padà láti ọjọ́ tí wọ́n ti rà á kún ìlú yìí.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni ibi tí ẹ máa gbé e dúró sí. Kọ̀ǹpútà tí ẹ kàn so mọ́ switch (àpótí tó ń so wáyà àwọn ẹ̀rọ pọ̀) lásán, tara rẹ̀ ló máa rí. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ switch tó ṣeé pàṣẹ fún, tí ẹ lè sọ fún pé ohunkóhun tó bá ń lọ sí ráútà tàbí tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, kó máa da ẹ̀dà rẹ̀ sí ojú ihò tí kọ̀ǹpútà yìí wà. Switch olówó pọ́ọ́kú kò mọ ìyẹn ṣe. Ẹ sì gbọ́dọ̀ wà ní inú ilé, kí ráútà tó pa àdírẹ́sì gbogbo ẹ̀rọ pọ̀ di ẹyọ kan. Àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ kan ṣoṣo lẹ máa rí, a ó sì tún padà sídìí "ta ló jẹ ẹ́?" Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí yàrá tó bá ní ráútà kékeré tirẹ̀: èèyàn mẹ́ta lè wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹyọ kan ni ntopng máa kà.

Ó tún ku ti àwọn fóònù. Láti Android 10 àti iOS 14 ni fóònù ti ń lo nọ́ńbà MAC (nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀) tó ṣe fúnra rẹ̀ lórí Wi-Fi, ti Wi-Fi kọ̀ọ̀kan sì lè yàtọ̀. Bí òkè bá ní orúkọ Wi-Fi tirẹ̀, tí ìsàlẹ̀ náà ní tirẹ̀, fóònù kan náà á dà bíi méjì lójú ntopng. Orúkọ kan ṣoṣo ni mo jẹ́ kí gbogbo ilé máa lò nítorí èyí, ọ̀rọ̀ sì yanjú.

Kò pẹ́ tí àwòrán fi jáde. Ohun tó ń jẹ dátà ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jù lọ ni àwọn fóònù tó ń kó fọ́tò àti fídíò lọ sí ibi ìpamọ́ wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì lóru, nígbà tí àwọn tó ni wọ́n ti sùn lọ. Wi-Fi ni wọ́n máa ń dúró dè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ní ilé ìkọ́ṣẹ́, àwọn kọ̀ǹpútà ni. Bí wọ́n bá ti tàn wọ́n láàárọ̀, oníkálùkù á máa gba àtúnṣe Windows kan náà láti ìta. Ètò kan wà nínú Windows tó ń jẹ́ Delivery Optimization. Mo ṣètò rẹ̀ kí àwọn kọ̀ǹpútà inú ilé máa pín ohun tí ọ̀kan ti gbà fún ara wọn, ìlà gígùn tó máa ń yọ láàárọ̀ sì rẹlẹ̀ gan-an. Ti ọmọkùnrin oní-géèmù yẹn kéré. Gbígbá géèmù pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn kì í jẹ dátà púpọ̀, gbígbà á sórí kọ̀ǹpútà ló ń jẹ ẹ́, òun sì ti gba tirẹ̀ tipẹ́. Mo fi han Mọ́mì lójú gbogbo wọn. Ó bẹ ọmọ náà níbẹ̀ pé kó má bínú. Inú mi dùn ju bí mo ṣe lè sọ lọ, torí èèyàn lè ti ilé kúrò nítorí ẹ̀sùn tí kò ní ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ n bọ́ sí láìsẹ́ǹsì wàyí.

Èyí tí mò ń lò ni wọ́n ń pè ní Community. Láìsẹ́ǹsì GPLv3 ló wà lábẹ́ rẹ̀, kóòdù rẹ̀, ìyẹn ohun tí wọ́n kọ láti fi ṣe é, sì wà lórí sáìtì GitHub fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. nDPI wà lábẹ́ LGPLv3, àbúrò GPLv3 tó rọ̀ jù ú lọ díẹ̀. Ohun tí GPLv3 fún yín ni àṣẹ láti lò ó fún iṣẹ́ yòówù, títí kan òwò tó ń mówó wọlé, láti wo inú rẹ̀, láti tún un ṣe, àti láti fún ẹlòmíràn. Oníṣòwò ni wá nílé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, a ń gba owó yàrá, bẹ́ẹ̀ ni a kò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀ lórí Community. Bí ẹ bá tún kóòdù rẹ̀ ṣe, tí inú ilé yín nìkan lẹ ti ń lò ó, kò sí ẹni tó máa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e sínú àpótí kékeré tí ẹ ń tà á fún àwọn ilé ìtura ní Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ìkọ̀lé, ọ̀rọ̀ yí padà. Títà kì í ṣe èèwọ̀. Ohun tó jẹ́ dandan ni pé kí ẹni tó rà á lè rí kóòdù rẹ̀ gbà, títí kan àyípadà tí ẹ ṣe sí i, kó sì ní irú ẹ̀tọ́ tí ẹ̀yin náà ní. Ẹ kò lè tì í pa kí ẹ sọ pé tiyín ni.

Àwọn ẹ̀dà míì wà lókè Community: Pro, àti oríṣi Enterprise. Owó ni wọ́n ń gbà lórí ìwọ̀nyẹn, owó yúrò sì ni. Ẹni bá fi náírà rò ó máa mọ ìdí tí mo fi ń ronú lórí rẹ̀ kí n tó rà á. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í mú ni pé bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ntopng, tó sì jẹ́ èyí tí àwọn tó ṣe é ti ṣe tán fún fífi sórí ẹ̀rọ lẹ gbà, ohun tó wà nínú èyí olówó máa ṣí sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, lẹ́yìn náà ló máa padà di Community. Kò bàjẹ́ o, kò sì dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó fi hàn yín, ó sì gbà á padà.

Ti nProbe, sọ́fítíwíà wọn mìíràn, yàtọ̀ pátápátá. Ráútà MikroTik tó wà ní ilé ìkọ́ṣẹ́ lè máa fi àkọsílẹ̀ NetFlow (àkópọ̀ ẹni tó bá ẹni sọ̀rọ̀ àti iye dátà tó lọ) ránṣẹ́ láìsí pé à ń da ẹ̀dà pákẹ́ẹ̀tì kankan. Ṣùgbọ́n ntopng kì í ka NetFlow fúnra rẹ̀. nProbe ló gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn láti gbà á fún un, nProbe kò sì sí lábẹ́ GPL, rírà ni wọ́n ń rà á. Ẹni tó bá gbọ́ pé open source (èyí tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀) ni ntopng, tó sì fi NetFlow ṣe ìpìlẹ̀ ètò rẹ̀, ó ti fi owó sínú ètò náà láìmọ̀. Switch tó ń da ẹ̀dà ni mo fi yẹra fún un, owó ẹ̀ẹ̀kan sì ni mo fi rà á.

Àwọn tó ṣe ntopng ń fún ilé-ẹ̀kọ́ àti ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè ní láìsẹ́ǹsì ẹ̀dà olówó lọ́fẹ̀ẹ́. Mo gbóríyìn fún wọn. Yunifásítì àti pólì tó wà ní Èkìtì yìí yẹ kí wọ́n kọ̀wé sí wọn, torí bí wọ́n bá fi èyí kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń ṣiṣẹ́, ohun tójú wọn rí ni wọ́n máa kọ́. Ẹnì kan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n fi orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ gba tiwa, ṣebí akẹ́kọ̀ọ́ ló kún ilé. Mo kọ̀ ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n lóòótọ́, àmọ́ ilé tí wọ́n ń san owó rẹ̀ fún onílé ni wọ́n wà. Owó tí àwọn oníṣòwò bá san ni wọ́n fi ń bọ́ èyí tí gbogbo wa ń lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá fi irọ́ gbà á ń pa èyí tó kù lára.

Kí wá ni Community kò ní? Ó máa ń ya ìlà tó ń fi iye dátà hàn láti ọjọ́ dé ọjọ́, ó sì mọ ohun tó ń lọ lọ́wọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ẹ̀rọ kan lọ ní aago méjì òru ọjọ́ tó ti kọjá, àkọsílẹ̀ kíkún tó ṣeé wá inú rẹ̀, tí wọ́n ń kó sínú ibi ìpamọ́ dátà tó ń jẹ́ ClickHouse, inú Enterprise ló wà. Ó tún fẹ́ràn RAM, ohun tó wà lójú ewé rẹ̀ sì pọ̀ débi pé mo ní láti jókòó ti olùkọ́ kan ní ilé ìkọ́ṣẹ́ kó tó lè dá a lò.

Nígbà tí ntopng bá fi ohun tó rújú hàn mí, Wireshark, sọ́fítíwíà tó ń tú pákẹ́ẹ̀tì wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ni mo máa ń gbá mú. Gerald Combs ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1998 pẹ̀lú orúkọ Ethereal, ó di Wireshark ní 2006, GPL ẹ̀dà 2 ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Kò ní ẹ̀dà olówó kankan. Ẹ kàn kíyè sí i pé Npcap tó ń bá a gba pákẹ́ẹ̀tì lórí Windows ní láìsẹ́ǹsì tirẹ̀ tí kì í ṣe GPL: kọ̀ǹpútà márùn-ún ni ẹ̀dà ọ̀fẹ́ gbà, àyàfi tó bá jẹ́ Wireshark tàbí Nmap (sọ́fítíwíà tó ń wá àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì) nìkan lẹ ń lò ó fún. Mo wo Zeek náà, sọ́fítíwíà mìíràn tó ń kọ ohun tó ń lọ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì sílẹ̀, tó wà lábẹ́ láìsẹ́ǹsì BSD. Iṣẹ́ rẹ̀ jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ti ẹni tó fẹ́ máa ka àkọsílẹ̀ lọ́rọ̀ lọ́rọ̀ ni, Mọ́mì kò sì ní rí nǹkan kan mú nínú rẹ̀.

Láìsẹ́ǹsì sọ́fítíwíà kò fún ẹnikẹ́ni láṣẹ láti máa yọjú wo ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti 2015 ní Nàìjíríà ka gbígba ọ̀rọ̀ oníkọ̀kọ̀ lọ́nà tí kò bófin mu sí ẹ̀ṣẹ̀, òfin ààbò dátà ti 2023 sì dé sí i. A lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà ilé pé à ń wo iye dátà tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń lò, a sì kọ ìdí rẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tó bá ń kó wá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Èmi nìkan ni mo ní admin. Mo ṣí ojú ewé fún Mọ́mì pẹ̀lú orúkọ tí kò ní àṣẹ púpọ̀, iye dátà sì ni a jọ ń wò. Nígbà tó ní kí n bá òun wo irú sáìtì tí ọmọbìnrin kan ń lọ, mo ní, "Ẹ má bínú mà, ìyẹn kò sí nínú ohun tá a jọ kọ." Ó gbà.

Ìjọba Èkìtì dín owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń ri okùn íntánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀ kù ní 2020, mo sì ń retí ọjọ́ tí okùn náà máa dé ojú ọ̀nà wa. Títí di ìgbà náà, Community tó fún ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, n kò ní sọ fún Mọ́mì pé kó ra nǹkan kan. Ti ilé ìkọ́ṣẹ́ yàtọ̀. Wọ́n fẹ́ máa rí àkọsílẹ̀ ẹ̀yìn, wọ́n sì ti ń tu owó Enterprise jọ. Mo ti sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ ra kọ̀ǹpútà tí wọ́n máa fi ṣe é, torí nọ́ńbà ìdánimọ̀ ẹ̀rọ tí ntopng wà lórí rẹ̀ ni wọ́n ń so láìsẹ́ǹsì náà mọ́.