Bùráúsà tó yẹ laptop tòkunbọ̀: Firefox ló gba iwájú, Edge ló tẹ̀ lé e

Firefox ló yẹ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé sórí laptop tòkunbọ̀ tó ní RAM 4GB, yálà Banex Plaza ní Wuse 2 lẹ ti rà á ni o, tàbí Farm Centre ní Kano. Kì í ṣe pé Firefox fúyẹ́ ju àwọn yòókù lọ. Tí ẹ kò bá tíì ṣí ojú ìwé kankan, kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ láàárín Firefox, Chrome, Edge, Opera àti Brave. Ohun tí ojú ìwé ń kó wọlé ló ń wúwo: ìpolówó ọjà, fídíò tó ń dá bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, àti àwọn ohun tó ń tọpa èèyàn kiri. Bùráúsà tó bá jẹ́ kẹ́ ẹ dá gbogbo ìyẹn dúró lẹ́nu ọ̀nà ló dáa jù.

Ibẹ̀ ni Firefox ti borí. Ó ṣì ń gba ojúlówó uBlock Origin, ìyẹn extension (àfikún kékeré tí wọ́n ń gbé sínú bùráúsà) tó ń dí ìpolówó àtàwọn ohun tó ń tọpa èèyàn. Google ti yí òfin extension padà lórí Chrome, Manifest V3 ni wọ́n ń pè é, òfin náà ló sì lé uBlock Origin kúrò níbẹ̀. uBlock Origin Lite ló kù. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ agbára rẹ̀ kò tó ti ojúlówó. Ẹ lọ sí addons.mozilla.org, ẹ wá uBlock Origin, ẹ tẹ Add to Firefox. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Privacy & Security, ẹ wá Autoplay, ẹ tẹ Settings tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú Block Audio and Video. Ẹni tó ń fi hotspot fóònù ṣiṣẹ́ ní Kubwa tàbí Nyanya máa rí ìyàtọ̀ lára dátà rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin àtàwọn ará ilé lẹ jọ ń lo ẹ̀rọ náà, ẹ fi àmì sí Use a Primary Password nínú Settings Firefox, ìyẹn password kan tó ń ti gbogbo password tẹ́ ẹ fi pamọ́ pa. Láìsí i, tí Windows náà kò bá sì ní password, ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sídìí rẹ̀ lè ka gbogbo password tẹ́ ẹ fi pamọ́. Ẹni tó bá sì ń kọ Yorùbá, tí ilà pupa ń yọ ọ́ lẹ́nu lábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀, kó tẹ mouse lápá ọ̀tún nínú àpótí tó ti ń kọ̀wé, kó yọ àmì kúrò ní Check Spelling.

Àléébù kan wà. Àwọn ojú òpó kan wà tó jẹ́ Chrome nìkan làwọn tó kọ́ wọn fi dán wọn wò. Ẹ ó kún fọ́ọ̀mù tán, ẹ ó tẹ Submit, kò ní dáhùn. Kẹ́ ẹ tó dá Firefox lẹ́bi, ẹ tẹ àmì asà pupa uBlock, ẹ fi bọ́tìnnì ńlá ibẹ̀ pa á fún ojú òpó yẹn nìkan, kẹ́ ẹ tún ojú ìwé náà ṣí. Bí kò bá ṣì dáhùn, ẹ lọ sórí Edge.

Edge ti wà lórí Windows tẹ́lẹ̀, ẹ kò sì ní ná dátà kankan láti gbé e sílẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2020 ló ti ń lo Chromium, ẹ̀yà inú kan náà tí Chrome ń lò, nítorí náà ohun tí Chrome bá gbà, òun náà máa ń gbà á. Nínú Settings Edge, lábẹ́ System and performance, ẹ pa Startup boost, torí ó ń mú kí Edge ti máa jẹ RAM kẹ́ ẹ tó ṣí i rárá. Ẹ fi Sleeping tabs, tó ń mú tab tẹ́ ẹ kò lò sùn, sí ìṣẹ́jú 5.

Ẹ fi Chrome sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tó ní 8GB. Tó bá dandan kẹ́ ẹ lò ó lórí 4GB, ẹ tan Memory Saver ní Settings, lábẹ́ Performance, kẹ́ ẹ fi sí Maximum. Bí nǹkan bá lọ́ra, ẹ tẹ Shift àti Esc pọ̀, ẹ tẹ orí Memory footprint, ẹ ó rí tab tó ń jẹun jù. Brave ń dí ìpolówó fúnra rẹ̀ láìsí extension, ó dáa fún ẹni tí kò fẹ́ ṣètò ohunkóhun. VPN ọ̀fẹ́ Opera, tó ń fi ibi tẹ́ ẹ wà pamọ́ fún ojú òpó, kò kọjá inú Opera fúnra rẹ̀. Ẹ pa á kẹ́ ẹ tó wọ ojú òpó báǹkì.

Lórí YouTube, Core i5 ìran kẹrin kò ní ẹ̀yà tó ń tú VP9, ìyẹn ọ̀nà kan tí YouTube ń gbà fún fídíò pọ̀, nítorí náà CPU (ọpọlọ ẹ̀rọ) ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà, fáànù á máa pariwo. Nígbà ọyẹ́, tí eruku ti dí ihò fáànù, ẹ̀rọ á gbóná, á sì dẹ eré rẹ̀ kù. Extension enhanced-h264ify máa ń mú kí YouTube fi H.264 ránṣẹ́, ọ̀nà ìfúnpọ̀ mìíràn tí ẹ̀rọ náà lè tú láìni CPU lára. H.264 ń jẹ dátà ju VP9 lọ, ẹ jẹ́ kí àwòrán fídíò wà ní 480p.

Windows 7 ńkọ́? Chrome 109, ti oṣù kìíní ọdún 2023, ló kẹ́yìn lórí rẹ̀. Ti Firefox ni ẹ̀dà 115 ESR. Ẹ má ṣe wọ báǹkì lórí ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Bí gbogbo bùráúsà bá kọ̀ láti ṣí ohunkóhun lẹ́yìn tí iná ti lọ, tí Chrome ń sọ pé "Your clock is behind", ẹ má yọ ọ́ kúrò. Aago ẹ̀rọ ló padà sẹ́yìn. Ìwé ẹ̀rí ààbò ojú òpó ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Tí aago bá ń sọ pé ọdún 2015 la wà, bùráúsà á gbà pé ìwé ẹ̀rí náà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ aago lápá ọ̀tún, ẹ mú Adjust date and time, ẹ tan Set time automatically, ẹ fi time zone sí West Central Africa, kẹ́ ẹ tẹ Sync now. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kejì, bátìrì kékeré orí mọ́dábọ́ọ̀dù ló ti kú. CR2032 ni ọ̀pọ̀ laptop ń lò, àwọn kan ní wáyà lára, nítorí náà ẹ mú èyí tó ti kú dání lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́.