Access, SQLite, MySQL àbí PostgreSQL: Èwo Ni Kí Ẹ Fi Bẹ̀rẹ̀?

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó fẹ́ gbé ìwé owó rẹ̀ bọ́ sórí kọ̀ǹpútà, ilé ìwé tó fẹ́ tọ́jú orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, oníṣòwò tí ọjà rẹ̀ ti pọ̀ kọjá ohun tí orí lè gbé: dátábéèsì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀, ni gbogbo wọn ń wá. Kí ẹ tó béèrè iye tí wọ́n ń tà á, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè pé: ẹni mélòó ni yóò máa kọ nǹkan sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Èsì yẹn nìkan yóò yọ bí ìdajì àwọn orúkọ tí àwọn ọlọ́jà ń pè kúrò.

Ẹ má tan ara yín pé Excel ti tó. Ó dáa fún ìṣirò, ṣùgbọ́n ẹ tẹ nọ́ńbà fóònù tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 080 sínú rẹ̀ bó ṣe wà, òdo iwájú á pòórá, torí iye lásán ló kà á sí. Lóṣù kẹwàá ọdún 2020, èsì àyẹ̀wò kòrónà 15,841 ni kò wọnú àkójọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lásìkò, nítorí irú fáìlì Excel àtijọ́ tí wọ́n lò kì í gbà ju ìlà 65,536 lọ.

Dátábéèsì gidi máa ń ní òfin. Ẹ lè pa á láṣẹ pé ẹni méjì kò gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ọmọ ẹgbẹ́ kan náà, á sì kọ èyí tó bá lòdì. Bí ẹ bá ń yọ owó látinú àjẹṣẹ́kù ẹnì kan láti fi san gbèsè rẹ̀, tí NEPA mú iná lọ láàárín, yálà kí ìyọkúrò àti ìsanwó wọlé pọ̀, tàbí kí ọ̀kankan má wọlé. Edgar Codd ti ilé iṣẹ́ IBM ló gbé èrò pé kí á máa to àkọsílẹ̀ sínú tábìlì tó so mọ́ra jáde lọ́dún 1970. Orí èrò yìí ni àwọn mẹ́rin tó wà nínú àkọlé wa dúró lé, SQL, èdè tí a fi ń bi dátábéèsì ní ìbéèrè, sì ni gbogbo wọn ń gbọ́. Ẹ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀kan, ìyókù kò ní ṣòro.

Access àti SQLite

Fáìlì kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì máa ń kó àkọsílẹ̀ sí. Access ti Microsoft ti wà láti 1992. Fọ́ọ̀mù wà nínú rẹ̀, nítorí náà ẹni tí kò mọ ètò kọ̀ǹpútà kíkọ lè ṣe ojú ewé tí akọ̀wé yóò máa kún. Orí Windows nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́, fáìlì rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá 2 GB, ó sì lè bàjẹ́ bí nẹ́tíwọ̀kì bá já nígbà tí àwọn ènìyàn ń kọ sí i.

SQLite, tí Richard Hipp gbé jáde lọ́dún 2000, jẹ́ ọ̀fẹ́ pátápátá, ó sì wà nínú fóònù Android àti iPhone. Kò ní ojú tirẹ̀: ẹ ó san owó fún ẹni tí yóò ṣe áàpù lé e lórí. Ẹnì kan ṣoṣo ló lè kọ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní ọ̀rọ̀ ìwọlé fún oníkálukú. Fún áàpù orí fóònù, èmi kò ní wá òmíràn.

MySQL àti PostgreSQL

Ibí ni owó àti àríyànjiyàn wà. Orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn, ni àwọn méjì yìí ń gbé, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì lè máa kọ sí wọn pọ̀. MySQL jáde lọ́dún 1995. Oracle ló ni ín báyìí. Ó wà lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ta ààyè wẹ́ẹ̀bù olówó pọ́ọ́kú, òun sì ni WordPress, ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ìkànnì, ń lò. PostgreSQL bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1986 ní yunifásítì Berkeley, lábẹ́ Michael Stonebraker. Kò sí ilé iṣẹ́ kan tó ni ín.

Ẹ fi orúkọ Yorùbá dán wọn wò, kí ẹ rí ìyàtọ̀. Ẹ kọ Ọlá sínú tábìlì, kí ẹ wá Ola. MySQL 8, bí ẹ kò bá yí ètò rẹ̀ padà, á gbé Ọlá jáde, torí kì í ka àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà sí. Ìyẹn dùn mọ́ akọ̀wé tí kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kò ní àmì. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ta irin iṣẹ́, tí ẹ ní kí orúkọ ọjà kan má wọlé lẹ́ẹ̀mejì, bí ọkọ́ bá ti wà níbẹ̀, kò ní gba ọ̀kọ̀ mọ́, àfi tí ẹ bá yan ètò ìfiwéra lẹ́tà tó ń ka àmì sí, bíi utf8mb4_0900_as_cs. PostgreSQL yóò gba méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ṣùgbọ́n Ola kò ní rí Ọlá títí ẹ ó fi fi àfikún tó ń jẹ́ unaccent kún un. SQLite ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ mọ̀ pé Ọ ńlá àti ọ kékeré jẹ́ lẹ́tà kan náà.

Ẹ béèrè ẹ̀yà MySQL tí wọ́n fẹ́ tà fún yín. Ṣáájú 8.0.16 tó jáde lọ́dún 2019, ẹ lè kọ òfin CHECK pé owó kò gbọ́dọ̀ kéré ju òdo lọ, á gba òfin náà láìjanpata, kò sì ní lò ó. Nítorí irú èyí, PostgreSQL ni mo máa ń gba ẹni tó ń tọ́jú owó onígbèsè àti ọmọ ẹgbẹ́ níyànjú láti lò. Ìkànnì lásán, MySQL ti tó o.

Oracle àti SQL Server wà fún ilé iṣẹ́ ńlá. Olùbẹ̀rẹ̀ kò nílò ìnáwó wọn. Yàtọ̀ sí Access, ọ̀fẹ́ lẹ lè gba àwọn tí mo fi wéra yìí, nítorí náà ẹni tó bá ní owó PostgreSQL fúnra rẹ̀ lẹ fẹ́ san, ẹ ní kó ṣàlàyé. Sáfà, iná, àti ẹni tí yóò máa mójú tó o ni owó ń bá lọ. Kí ẹ tó san, ẹ ní kí ọlọ́jà fi pg_dump (ti PostgreSQL) tàbí mysqldump (ti MySQL), àwọn irinṣẹ́ tó ń ṣe ẹ̀dà, ṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ yín, kó sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà mìíràn lójú yín, kí ẹ wo bóyá gbogbo orúkọ àti àmì orí wọn pé.